Ṣẹ́ẹ̀tì Tí Ẹ Fà Ya Lábẹ́ Fèrèsé Wa

Rárá, Miodrag, mi ò ní gbé e wá sí fèrèsé! Má wulẹ̀ juwọ́ sí mi. Mo ń rí ọ láti orí àga tí mo jókòó sí yìí, ìwọ àti òdòdó tó o kó dání bí ẹni tó ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó, fóònù létí, ojú lókè, o ń dúró kí n gbé ọmọ sókè kó o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri ìdílé yín. Kò sí fọ́tò lónìí o! Ọmọ ń mu ọmú. Ara rẹ̀ le, ó ń mu ọmú bí ẹni tí wọ́n lé bọ̀, iwájú orí rẹ̀ jọ tìrẹ, kí Ọlọ́run ṣáà má jẹ́ kí ìwà rẹ̀ jọ tìrẹ.

Kí lo wí? Ṣé inú mi ò dùn ni? Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, inú kan náà yìí tí wọ́n là tí wọ́n sì rán ló gba méjèèjì, bí mo bá sì pariwo ojú rírán á máa ta mí, torí náà má mú mi pariwo, jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, kí ìwọ náà sì gbọ́ ọ dópin. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Gordana tí a jọ wà níbí ti bá nọ́ọ̀sì lọ rí dókítà, ó ń fi ọwọ́ ti ògiri rìn lọ, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ, bó bá wọlé báyìí màá dákẹ́ ni. Má sọ fún mi pé lọ́la lẹ ń bọ̀ wá mú wa. Má sọ fún mi pé ẹ ti so rìbọ́nnì mọ́ mọ́tò. Mo ti gbọ́ pé ẹ ti ra ọ̀dọ́ àgùntàn sílẹ̀. Ta ló rán yín? Ta ló bi mí bóyá ẹnu mi lè jẹ ẹran?

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́, Miodrag. Látìgbà tí mo ti gbé oyún yìí títí di ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, ohun kan ṣoṣo!

Mi ò bẹ̀ ọ́ nígbà tí ìyá rẹ ń sọ kiri àdúgbò pé obìnrin ilé yín kì í bímọ lójú abẹ, pé inú oko àgbàdo làwọn bí ìwọ sí, àwọn sì délé wá dáná alẹ́. Mo dákẹ́. Ṣé èmi ni mo ní kí ọmọ jókòó sínú mi bí ẹni tó wá síbi àsè, kó gbé ìdí sísàlẹ̀, kó kọ̀ kó má yí padà? Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló máa dáa jù fún èmi àti ọmọ, ká tètè mú ọjọ́, ó sì mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Háà! Ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Ta ló so ìborùn mọ́rí, tó wọ bọ́ọ̀sì, tó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà dókítà pé ilé àwọn kì í bẹ̀rẹ̀ nǹkan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn kì í rìnrìn àjò, wọn kì í fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, ká má tiẹ̀ wá sọ ti ọmọ? Dókítà wo èmi, èmi wo ilẹ̀. Wọ́n sún un sí Ọjọ́bọ̀. Mo dákẹ́. Wọ́n ní aṣọ ọmọ ò gbọdọ̀ wọlé kí ọmọ tó dé, kí ojú burúkú má baà rí i, mo dákẹ́. Ọmọ tí gbogbo àdúgbò mọ ọjọ́ àti wákàtí tó ń bọ̀, kò ní ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nílé! Ṣé mo bínú? Mo rẹ́rìn-ín ni. Mo ní ìyá ọkọ mi ni, bí wọ́n ṣe máa ń fẹ́ràn èèyàn nìyẹn.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Obìnrin tó bá ń rọbí lójijì, ọkọ rẹ̀ á máa sáré kiri nínú bàtà ẹsẹ̀ kan, kò ní rántí afọnfèrè. Ṣùgbọ́n tiwa, ẹ jókòó, ẹ ṣètò rẹ̀ bí ìgbéyàwó. Zdravko àbúrò rẹ á gbé ọtí ráákíà, Ilija tó dúró fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì máa sọ ọmọ lórúkọ, á lọ kó àwọn afọnfèrè wá láti apá Surdulica, wọ́n á dúró sábẹ́ fèrèsé, bí ọmọ bá ti ké báyìí kí fèrè dún, kí wọ́n fa ṣẹ́ẹ̀tì ya mọ́ ọ lára bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ọkùnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di bàbá. Mo mọ̀. Mo fọwọ́ sí i. Èmi fúnra mi ni mo yan ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù yẹn fún ọ, torí pé kọ́là rẹ̀ ti ń gbó.

Àmọ́ Ọjọ́rú tí wọ́n gbà mí wọlé ni mo bá Gordana lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ọ̀la náà ni tiẹ̀. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé, èmi á tẹ̀lé e. Ó jù mí lọ dáadáa, ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ, wọ́n sì ti là á rí nítorí àìsàn kan, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní ojú abẹ náà ló máa gbà bí èyí. Wọ́n ti ní ká má jẹun mọ́, ebi ń pa wá, òun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá ti gbé ọmọ jáde tán, kí òun tó béèrè bóyá ọmọ pé, búrẹ́dì àti ata tí wọ́n sun lòun máa béèrè. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ikùn rẹ̀, ó ní ọmọ òun ti ń bá ọmọ mi jà láti inú lọ́hùn-ún. Ọmọ náà ta mí nípàá lọ́wọ́. Ọmọkùnrin ni. Ọwọ́ mi yìí ló ta nípàá, Miodrag, ọwọ́ tí mo fi gbé fóònù yìí.

Ilẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ wá. Tiwa ń dún gbì-gbì-gbì bí ẹṣin tó ń sáré. Ó gbé e sórí ikùn Gordana. Kò gbọ́ nǹkan. Ó sún un, ó tún un sún, ó ní ẹ̀rọ yìí ló máa ń ṣe báyẹn nígbà míì. Ó lọ mú òmíì wá. Ó pe dókítà. Dókítà wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Gordana ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ sunkún. Yéè! Èmi tí tèmi wà láàyè ni mo kọ́kọ́ sunkún, òun ló sì ń pàrọwà fún mi pé kí n má sunkún, pé ọmọ inú mi á gbọ́.

Wọ́n ṣì gbé e lọ sábẹ́ ọ̀bẹ bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀. Wákàtí kan náà, yàrá kan náà. Kò bọ́ nínú abẹ, kò bọ́ nínú ìrora, kò bọ́ nínú ohunkóhun.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́. Ṣé o rántí ṣá, àbí ráákíà ti gbé e lọ? Mo ní, Miodrag, ọmọ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti kú sínú rẹ̀, yàrá kan náà la wà, fèrèsé kan náà la ní, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, sọ fún àwọn afọnfèrè kí wọ́n máa lọ. Ẹ jó nílé. Ẹ fa aṣọ yín ya nílé títí tó fi máa kù síbi bẹ́líìtì. Ẹ má ṣáà ṣe é níbí. O ní o gbọ́. O ní, "Verica, fọkàn balẹ̀, màá dá wọn padà." Ohùn rẹ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mi ò ní nǹkan míì tí mo lè dì mú, ìhòòhò ni mo wà.

Ìwọ kò mọ bí ibẹ̀ ṣe tutù tó. Wọ́n ní kí n tẹ ẹ̀yìn mi kọdọrọ kí wọ́n lè rí ibi tí wọ́n máa gún, mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n gún un, ẹsẹ̀ mi lọ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Wọ́n fi aṣọ dí mi lójú kí n má rí ikùn mi. Eyín mi ń gbọ̀n, nọ́ọ̀sì kan sì ń béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí mo máa ń dáná lọ́jọ́ Àìkú kí n lè máa sọ̀rọ̀. Mo ń sọ fún un bí mo ṣe ń pọ́n ẹran sínú ewé kábéèjì, mo ń sọ ọ́, wọ́n ń fa inú mi síhìn-ín, wọ́n ń fà á sọ́hùn-ún, kò dùn mí, mo kàn mọ̀ pé wọ́n ń wá ọmọ nínú mi bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. Lójijì mo gbọ́ ọ tó ké. Háà, Miodrag! Ó ké! Wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó gbóná, omi ṣì wà lára rẹ̀, ó sì dákẹ́ bí ẹni tó ti mọ̀ mí tipẹ́. Mo sunkún. Mi ò mọ èwo nínú ẹkún náà ló jẹ́ tiẹ̀, èwo ló jẹ́ ti ọmọ Gordana.

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Máa mu ún. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí, bàbá rẹ ni.

Wọ́n gbé mi padà síbí. Gordana ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó kọjú sógiri. Wọn ò rí yàrá míì gbé e sí, gbogbo ibẹ̀ ló kún. Wọ́n gbé ọmọ wá fún mi, mo fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kó má baà ké sókè. Ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí! Mo ń fi ọmọ mi pamọ́ bí ohun tí mo jí.

Fèrè sì dún.

Màá sọ òótọ́ fún ọ, nígbà tí ó kọ́kọ́ dún báyìí ọkàn mi fò, mo ní ẹ wò ó, tọmọ mi ni wọ́n ń fọn. Kí n tó mí síta, mo rí ẹ̀yìn Gordana. Ẹ̀yìn náà le gbagidi. Kò yíjú. Ó ní, "Verica, ṣé tìẹ ni?" Mo ní tèmi ni, Gordana, dákun, dárí jì mí, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má wá. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n fọn ọ́n. Ọmọ dé sáyé, kí wọ́n fọn ọ́n." Fèrè ń ké, ìlù ńlá ń dún débi tí gíláàsì orí tábìlì ń gbọ̀n, nọ́ọ̀sì ṣí fèrèsé, ó gbé ọmọ sókè fún yín, ẹ pariwo, mo gbọ́ ohùn Zdravko, mo gbọ́ ìyá rẹ tó ń sunkún ayọ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ. Ìwọ tó o ní kí n fọkàn balẹ̀.

Kí ló dé? Ilija ní wọ́n ti dé, pé ìtìjú ni láti dá wọn padà? Ìyá rẹ ní ọmọ tí wọn ò bá fọn fèrè fún, ayọ̀ ò ní tò ó lẹ́yìn láyé? Ó dáa. Gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n wí. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tí mo fẹ́, kí ni ìwọ wí?

Dúró, mi ò tíì débẹ̀. O rò pé torí ariwo fèrè nìkan ni mo ṣe ń bínú láti Ọjọ́bọ̀, tí mo ń pa fóònù mọ́ ọ létí? Dúró kó o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Láàárín fèrè, mo gbọ́ tí ẹ ń pe orúkọ kan. Kì í ṣe orúkọ rẹ. Ẹ ń pariwo pé, "Tihomir! Tihomir! Bàbá Tihomir! Kí ọmọ ó pẹ́ láyé!" Mo ní ta ni Tihomir? Mi ò tíì rò ó jáde tí Gordana fi dìde. Ó dìde jókòó, Miodrag! Obìnrin tí wọ́n là láàárọ̀ yẹn, tí wọ́n ní kó má gbé orí sókè, ó dìde jókòó, ó na ọwọ́ láti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí tèmi, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ojú rẹ̀ là bí ojú ọmọdé. Ó ní, "Verica, wọ́n ń pe Tihomir. Ọkọ mi ni Tihomir. Wọ́n ní bàbá, ṣé o gbọ́? Wọ́n ní kí ọmọ ó pẹ́ láyé! Wọ́n ti... ṣé wọ́n ti rí i pé kò...? Ṣé ó mí? Ṣé dókítà ti sọ fún un nísàlẹ̀ ni? Pe nọ́ọ̀sì, Verica, pe nọ́ọ̀sì kó gbé e wá fún mi!"

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ta ló dá a lóhùn? Ta lo rò pé ó dá a lóhùn? Nọ́ọ̀sì ti gbé ọmọ wa lọ wẹ̀. Èmi ni. Mo ní, rárá, Gordana. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Gordana, àṣìṣe ni wọ́n ṣe. Láàárọ̀, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ló sọ ọ́ fún un, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jókòó tì í. Lọ́sàn-án, èmi ni, èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n sọ, tí ọmọ tèmi ń ké nínú yàrá kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ yẹn kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kejì sì ni tiyín.

Kó o má sọ pé o ò mọ̀ ọ́n! Ọkùnrin gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó dúró lábẹ́ igi lọ́tọ̀, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó ń wo fèrèsé wa, ta lo pè é? Bàbá ọmọ míì, àbí? Alábàáṣe ayọ̀! Gordana ti ro ó fún mi bí ọkọ rẹ̀ ṣe sọ ọ́: Zdravko lọ bá a, ó ní, "Bọ̀bọ́, ṣé ìwọ náà di bàbá lónìí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí lo fẹ́ kó sọ? Bàbá ni! Wọ́n bi í léèrè orúkọ, ó sọ orúkọ. Ni Zdravko bá di kọ́là rẹ̀ mú, Ilija di apá kejì mú, ẹ fa ṣẹ́ẹ̀tì náà ya mọ́ ọn lára láti ọrùn dé ìdí, ẹ gbé e sókè lé èjìká, ẹ da ráákíà sí i lẹ́nu, ẹ ń fò pẹ̀lú rẹ̀ yí igi ká. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Ìwọ lo gbá a mọ́ra tó o fi ẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rẹ́rìn-ín? Ó tì o. Eyín rẹ̀ lẹ rí. Aṣọ ọ̀fọ̀ lẹ fà ya lára èèyàn, ẹ wá rò pé aṣọ ayọ̀ ni.

O mọ̀ pé obìnrin kan pàdánù ọmọ rẹ̀, mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọ láàárọ̀ yẹn. O ò ṣáà ronú pé obìnrin náà ní ọkọ.

Jókòó. Bẹ́ńṣì wà lẹ́yìn rẹ, jókòó síbẹ̀, gbé òdòdó sílẹ̀. Hẹ̀n-ẹ́n. Sunkún tó o bá fẹ́ sunkún, mi ò ní bẹ̀ ọ́.

Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, Gordana ló lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù kó tó wá síbí. Ó sọ fún mi. Ó ní òun yan funfun, torí pé ohun tó dáa jù tí Tihomir ní nìyẹn, ó ní ẹni tó ti dúró pẹ́ tó báyẹn kò gbọdọ̀ fi ṣẹ́ẹ̀tì gbígbó gba ọmọ, kí wọ́n fa èyí tó dáa ya fún un. Kò sì ní ẹni tó máa fà á ya. Ìyẹn ló ń bà á nínú jẹ́ ní Ọjọ́rú, ó ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi ò mọ ẹnikẹ́ni nílùú yìí, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló máa fi sísọ́ọ̀sì gé e." Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ jìnnà, lápá Bosnia lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ló mú wọn wá síbí, ìyá rẹ̀ wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, àbúrò rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù nílẹ̀ Austria. Ìyá Gordana ti kú tipẹ́. Àwọn méjì yẹn nìkan ló kù fún ara wọn.

Lánàá, òun náà wá sábẹ́ fèrèsé. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì lé ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Kò tíì bọ́ ọ. Gordana fi ọwọ́ ti ojú abẹ rẹ̀, ó dúró síbi fèrèsé yìí, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo gbọ́ ọ tó ń bi í pé kí ló dé tí o ò sọ fún wọn? Kí ló dé tó o jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ? Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Gordana padà wá jókòó, ó sọ ọ́ fún mi. Ó ní Tihomir ní, "Kò sí ẹlòmíì tó pè mí ní bàbá."

Kí lo wí? Pé ó ti dáa bẹ́ẹ̀? Pé ọkùnrin náà ò bínú sí yín? Miodrag! Àìbínú rẹ̀ yẹn gan-an ló ń pa mí! Ká ní ó na Zdravko ni, ká ní ó fọ́ fèrè mọ́ Ilija lẹ́nu, ǹ bá sùn. Àtàná ni ìyá rẹ ti ń pè mí. Wọ́n ní kí n sọ fún nọ́ọ̀sì kó gbé mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yẹn, pé orí burúkú máa ń ran èèyàn. Wọ́n fi òwú pupa ránṣẹ́ kí n so mọ́ ọmọ lọ́rùn ọwọ́, kí ojú Gordana má baà ṣe é. Mo so ó, kí wọ́n má baà bínú. Gordana rí i. Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó ní mo so ó le jù, ó bá mi tú u, ó tún un so.

Rárá. Mi ò fẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. O fẹ́ ra ṣẹ́ẹ̀tì míì fún un! Kó ṣe kí ni? Kó máa rántí yín nígbàkigbà tó bá ń de bọ́tìnì? Mi ò fẹ́ kéèkì, mi ò fẹ́ kí Ilija wá tọrọ àforíjì pẹ̀lú ìgò ọtí lábẹ́ abíyá. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá ọ sọ, òun náà ni mo ṣe gbé fóònù rẹ lónìí.

Lọ́la ni wọ́n máa yọ̀ǹda ọmọ náà fún Tihomir kó lọ sin ín. Ọjọ́ kan náà tí ẹ fẹ́ wá mú wa. Ẹnu ọ̀nà kan náà. Wọn ò tíì jẹ́ kí Gordana lọ, ara rẹ̀ gbóná, ó máa dúró sí i, kò ní lè tẹ̀lé e. Àlùfáà ní wọn ò tíì rì í bọmi, òun ò lè wá. Òun nìkan, Miodrag. Òun nìkan ló máa wọlé síbí, òun nìkan ló máa gbé pósí kékeré yẹn sórí ẹsẹ̀ nínú takisí, òun nìkan ló máa dúró nígbà tí wọ́n bá ń bo ilẹ̀. Nígbà ayọ̀, ẹ pọ̀ débi tí ẹ kò lè ka ara yín, ẹ yí i po, ẹ gbé e sókè. Ibo lẹ máa wà lọ́la? Nídìí àgùntàn?

Ẹ máa lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìwọ, Zdravko, Ilija, gbogbo àwọn tí ọwọ́ wọn kan ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Láìsí fèrè, láìsí ọtí. Ìwọ fúnra rẹ lo máa lọ bá a nílé láàárọ̀, wàá sọ ẹni tó o jẹ́ fún un, wàá béèrè bóyá ó gbà kí ẹ bá òun gbé e. Bó bá ní òun ò fẹ́ rí yín, ẹ dúró lókèèrè, kí ẹ ṣí fìlà, ẹ dúró títí yóò fi parí. Bó bá gbà, kí ẹ gbé e.

Mo mọ̀. Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ, mo ti ń retí ẹ̀. Ìyá rẹ ní ẹni tó ní ọmọ tuntun nílé kì í wọ itẹ́ òkú kí ogójì ọjọ́ tó pé, kó má baà gbé òtútù òkú wá bá ọmọ. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ọ́, ìyá tèmi náà ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n o ti wọ inú ọ̀fọ̀ náà ná, Miodrag. O ti gbá Tihomir mọ́ra, o ti fi ẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́, o ti bá a jó yí igi ká, o sì ti fi ọwọ́ kan náà yẹn juwọ́ sí ọmọ mi. Kí ló tún kù tó o máa gbé wá? Ẹ̀rù ò bà mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n gbé ọmọbìnrin yìí wá sílé ọkùnrin tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dópin, tó sì wá jókòó jẹ ẹran.

Má ní kí n jẹ́ kó o bi ìyá rẹ. Ìwọ ni mo fẹ́.

Ó ń bọ̀. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó ṣe ń wọ́ ọ. Gbọ́ kíákíá. Bí ẹ bá bo ilẹ̀ tán lọ́la, kó o jẹ́ kí ẹrẹ̀ ibẹ̀ ṣì wà lára bàtà rẹ, kó o wá bá mi níbí, ìwọ nìkan, màá gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀ fún ọ, a ó sì jọ lọ sílé. Bí mo bá wojú fèrèsé lọ́la tí mo rí Tihomir tó ń gbé ọmọ rẹ̀ jáde lóun nìkan, ilé ìyá mi ní Knjaževac ni kó o ti máa wá béèrè ọmọ yìí. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ṣé ẹ máa bá a gbé e àbí ẹ ò ní bá a gbé e? Dá mi lóhùn, Miodrag!